Máàkì, Ipò àti Ìpele: Bí A Ṣe Lè Ka Èsì Ìdánwò Ìwé Kíkà Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti Bódìjà, Mọ́kọ́lá, Mọ́lété, Bẹẹrẹ àti àwọn àdúgbò mìíràn nílùú Ìbàdàn wá síbí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda àsìkò yín. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ka èsì ìdánwò ìwé kíkà, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ọmọ kan ti kápá iṣẹ́ kíláàsì tó wà. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ó yé wa dáadáa: ipò tí ọmọ gbà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìpele tí ìwé kíkà rẹ̀ dé, máàkì tí kò bá sì sọ irú ìwé tí ọmọ lè kà kí ó sì yé e, kò tíì sọ ohun tí òbí nílò láti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé èsì kan yẹ̀ wò, irú èyí tó máa ń wọlé wa ní ìparí sáà. Ọmọ náà wà ní pírámárì kẹta. Níwájú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní ìwé kíkà, wọ́n kọ 68. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ó gba ipò karùn-ún nínú ọmọ 42. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ọmọ náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Gbólóhùn yẹn kì í tán nínú gègé àwọn olùkọ́; ṣàṣà ni ọmọ tí wọn kò tíì kọ ọ́ fún rí.) Bàbá ọmọ wo 68, ó ní ó dára. Ìyá rẹ̀ wo ipò karùn-ún, ó ní ta ni àwọn mẹ́rin tó wà níwájú. Àwọn méjèèjì ka ìwé èsì náà tán, kò sì sí èyí tó lè sọ nínú wọn bóyá ọmọ náà lè ka ojú ewé kan nínú ìwé tí kò rí rí, kí ó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ìwé èsì náà kò sọ ọ́ fún wọn ni.

Ibo ni 68 ti wá? Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, 40 ni ti iṣẹ́ inú kíláàsì àti ìdánwò àárín sáà, 60 sì ni ti ìdánwò ìparí sáà. Inú 40 yẹn ni iṣẹ́ àṣetiléwá máa ń wà, èyí tí a kò mọ iye tí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá a ṣe nínú rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìwé tó mọ́ tónítóní máa ń gba máàkì níbẹ̀. Inú 60 ni a óò ti rí ìbéèrè tí wọ́n ní kí ọmọ fi lẹ́tà tó sọnù sí àárín ọ̀rọ̀, kí ó fa ìlà sí abẹ́ èyí tó tọ́, tàbí kí ó dáhùn ìbéèrè lórí àyọkà tí wọ́n ti kà pọ̀ nínú kíláàsì títí tí àwọn ọmọ fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ gba 68 nínú iṣẹ́ tí à ń pè ní ìwé kíkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ kí ó kàwé rí ní gbogbo sáà náà. Máàkì dà bí kóńgò ọjà: ẹni tó ní òun ra kóńgò gààrí mẹ́ta kò tíì sọ iye gààrí tó gbé délé, àfi tí a bá mọ̀ bóyá ojúlówó kóńgò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tàbí èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí 68 ti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Dùgbẹ̀ ṣe rí kọ́ ni 68 ti ilé-ẹ̀kọ́ kejì tó wà lódìkejì títì ṣe rí, nítorí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣe ìbéèrè tirẹ̀, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe máàkì.

Ọ̀rọ̀ ipò ni ó le jù, nítorí àwa Yorùbá fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó gba ipò kìíní ni wọ́n ń pa adìẹ fún, òun ni wọ́n ń pè jáde níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Èmi kò ní kí a má pa adìẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ipò ń dáhùn, ìyẹn ni ta ni ó ṣáájú ta ni. Ẹni tó gba ipò kẹta nínú ọmọ 9 ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré kan lè má mọ ìwé tó ẹni tó gba ipò kẹtàlá nínú ọmọ 60 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Bí gbogbo kíláàsì bá sì rẹ̀yìn, ẹnì kan kò ní ṣàì gba ipò kìíní láàárín àwọn tó rẹ̀yìn, òun náà yóò sì gbé ìwé èsì tó dán délé. Bákan náà ni ó ṣeé ṣe kí kíláàsì kan dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó gba ipò ìkẹyìn nínú rẹ̀ fi lè ka ohun gbogbo tó yẹ kí ọmọ pírámárì kẹta lè kà. Òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò nà án ní ọ̀nà àìtọ́.

Oríṣi òdíwọ̀n méjì ló wà, a kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni èyí tó ń fi ọmọ wé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èkejì ni èyí tó ń fi ọmọ wé iṣẹ́ tí a ti là kalẹ̀ pé ó yẹ kí ó lè ṣe, yálà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣe é tàbí wọn kò lè ṣe é. Ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ọmọ díẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àyè kò pọ̀ níbẹ̀ nílò oríṣi èkíní, nítorí pé yíyàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ti mọ̀wé kà nílò èkejì. Lára oríṣi èkíní náà ni nọ́ńbà kan tí àwọn ìdánwò òkèèrè máa ń gbé jáde, tó ń ṣi àwọn òbí lọ́nà púpọ̀: wọ́n óò kọ 68 sí i, òbí yóò sì rò pé ọmọ gba ìbéèrè 68 nínú 100. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé bí a bá kó ọmọ 100 tó wà ní kíláàsì kan náà jọ, ọmọ yìí ṣe dáadáa ju bí 68 nínú wọn lọ. Ìbéèrè tó gbà lè má ju ìdajì lọ. Kí òbí kọ́kọ́ béèrè irú 68 tó jẹ́ kí inú rẹ̀ tó dùn tàbí kí ó tó bàjẹ́.

Kí wá ni a ń pè ní ìpele kíláàsì? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti díjú, nítorí pé ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń fi orúkọ yìí pè. Àwọn kan ń fi pe ohun tí ọmọ tó wà láàárín gbùngbùn kíláàsì lè ṣe. Àwọn mìíràn ń fi pe ohun tí ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ sọ pé ó yẹ kí ọmọ lè ṣe. Ní Nàìjíríà, àjọ NERDC ló ń ṣe ìwé ìlànà bẹ́ẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àwọn yòókù ń fi pe ohun tí ìwé kíkà kíláàsì náà, èyí tí a rà lọ́jà, ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kà á. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà nítòsí ara wọn. Nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní pírámárì kẹta nínú ìlú kan bá ń kàwé bí ẹni tó wà ní pírámárì kìíní, ohun tó wà láàárín gbùngbùn kíláàsì ti di iṣẹ́ pírámárì kìíní, ẹni tó bá sì ń fi ìyẹn ṣe òdíwọ̀n yóò máa sọ pé ọmọ wa dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, òótọ́ ni yóò sì sọ.

Ìdí nìyí tí èsì àwọn ìwádìí ńlá kì í fi í bá ìwé èsì inú ilé mu. Ní ọdún 2022, UNICEF kéde pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ní Nàìjíríà, láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti ọdún 7 sí 14, ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan kí ó yé wọn tàbí kí wọ́n yanjú ìṣirò kékeré kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń gba ìwé èsì. Ọ̀nà tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣe òdíwọ̀n rọrùn, ó sì tọ́ kí a mọ̀ ọ́n: wọn óò fún ọmọ ní ìtàn kékeré kan tó bá ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mu, ọmọ yóò kà á sókè, ó gbọ́dọ̀ ka ó kéré tán ọ̀rọ̀ 90 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe tọ́, kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí ìdáhùn wọn hàn gbangba nínú ìtàn náà, kí ó sì dáhùn méjì mìíràn tí ìdáhùn wọn kò hàn, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ronú kí ó tó rí i. Kò sí ipò níbẹ̀. Bí gbogbo ọmọ bá lè ṣe é, gbogbo wọn ló yege. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè ṣe é, kò sí ẹni tí wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Báǹkì Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ 53 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí àti àwọn tó wà láàárín ni kò lè ka ìtàn kékeré kí ó yé wọn nígbà tí wọ́n bá pé ọmọ ọdún 10. Lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti pa nítorí àrùn Kòrónà, wọ́n fojú bù ú ní 2022 pé ó ti di bí 70. Ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń kópa nínú ìdánwò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní PIRLS fún àwọn ọmọ tó wà ní ọdún kẹrin, ọmọ 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò dé ìlà tó kéré jù lọ, èyí tó jẹ́ 400, nínú èsì ọdún 2021. Èdè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ni wọ́n sì fi dán wọn wò, títí kan àwọn èdè abínibí wọn.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé kíkà tí máàkì kan ṣoṣo kò lè gbé, kí a fi àyọkà kan dán an wò. Èmi ni mo kọ èyí, ọ̀rọ̀ 40 ló sì wà nínú rẹ̀:

Àdùkẹ́ bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Bódìjà. Wọ́n ra ẹ̀wà, ata àti epo. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí wọ́n tó rí ọkọ̀. Ìyá Àdùkẹ́ fi ọ̀rá bo ẹ̀wà náà, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan bo orí ara rẹ̀.

Ọmọ kan jókòó síwájú yín, aago wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀dà àyọkà náà sì wà níwájú yín tí ẹ óò máa fi gègé fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣì kà. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ mẹ́rin kà, ó ka 36 nínú 40, ìyẹn 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Emmett Betts, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó kọ̀wé lórí ìkọ́ni ní ìwé kíkà ní ọdún 1946, là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ 99 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe tọ́ lè dá ìwé náà kà láìsí ìrànlọ́wọ́, pé ẹni tó bá wà ní bíi 95 lè fi kẹ́kọ̀ọ́ bí olùkọ́ bá wà nítòsí, àti pé ìwé tí ọmọ kò bá lè ka 90 nínú rẹ̀ yóò sú u. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti jiyàn lórí nọ́ńbà wọ̀nyí, èmi náà kò sì ní kí a sọ wọ́n di òfin, ṣùgbọ́n wọ́n wúlò fún olùkọ́ nítorí pé wọ́n ń so máàkì mọ́ ìwé kan pàtó. Nínú àyọkà wa, àṣìṣe méjì péré ni 95. Ẹ wá rí i pé 90 tí à ń yọ̀ mọ́ nínú ìwé èsì kò tó nǹkan nínú ìwé kíkà.

Irú àṣìṣe wo ni? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì nínú èdè Yorùbá ju bí ó ti rí nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí ọmọ bá ka gbólóhùn kẹta, tó sì ní òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí wọ́n tó rí ọkọ, gbogbo kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan kò ní fa ìlà sí i, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ pé. Èrò tèmi ni pé kí a fa ìlà sí i. Àmì ohùn wà lára ohun tí à ń kà. Ọmọ tó bá ka ọkọ níbi tí ọkọ̀ wà, tí kò sì padà síbẹ̀ láti tún un kà, ń pe lẹ́tà ni, ìtàn náà kò wọ etí rẹ̀. Ẹni tó bá tètè dá ara rẹ̀ dúró, tó ní rárá, ọkọ̀ ni, kò jẹ gbèsè kankan. Kódà, ó ti fi hàn wá pé òye ìtàn náà ń bá a lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìyára. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní EGRA, tí àjọ RTI gbé kalẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn USAID láti ọdún 2006, ń ka iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ kà bó ṣe tọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tó bá ka àyọkà wa tán ní ìṣẹ́jú kan láìṣì kà ti ka 40. Ẹni tó bá gba ìṣẹ́jú méjì wà ní 20, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti gbàgbé ẹ̀wà kí ó tó dé orí òjò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé nọ́ńbà tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì wá fi wọn Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ló pọ̀ jù nínú èdè wa, nítorí náà 40 ti Yorùbá àti 40 ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹrù kan náà. Philip Seymour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2003, nígbà tí wọ́n fi àwọn èdè Yúróòpù wé ara wọn, pé kíkọ́ ìpìlẹ̀ ìwé kíkà ní Gẹ̀ẹ́sì ń pẹ́ ju ìlọ́po méjì àsìkò tí ó ń gbà ní àwọn èdè tí àkọtọ́ wọn kò lọ́ rárá. Àkọtọ́ Yorùbá jẹ́ ọ̀kan lára irú èyí tí kò lọ́: bí a ṣe kọ ọ́ ni a ṣe ń pè é.

Ìbéèrè ló kù. Kí ni wọ́n rà? Ọmọ tó bá ní ẹ̀wà, ata àti epo ti gbé ìdáhùn náà jáde láti inú àyọkà. Kí ló dé tí ìyá Àdùkẹ́ fi bo ẹ̀wà, tí kò sì bo orí ara rẹ̀? Àyọkà kò sọ. Ọmọ kan lè ní torí kí ẹ̀wà má baà tutù, òmíràn lè ní ọ̀rá kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn lè ní owó ni wọ́n fi ra ẹ̀wà, orí yóò gbẹ bí ó bá yá. Gbogbo wọn ló tọ́, nítorí ohun tí à ń wá ni kí ọmọ fi ohun tó mọ̀ kún ohun tó kà. Ọmọ tó ka ọ̀rọ̀ 40 geere láìṣì kankan, tó wá ń wò wá lójú nígbà tí a béèrè èyí, kò tíì kàwé. Philip Gough àti William Tunmer sọ ọ́ ní ọdún 1986 pé ìsọdipúpọ̀ ni ìwé kíkà láàárín ohun méjì: agbára láti pe ohun tí a kọ, àti òye èdè tí a fi kọ ọ́. Wọn kò ní ìròpọ̀ ni. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ òfo, òfo ni èsì ìsọdipúpọ̀ náà, bó ti wù kí èkejì pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ èdè kàn wá níbí. Ọmọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá sí nílé, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán wò, lè gba máàkì kékeré nítorí pé kò mọ̀wé kà, tàbí nítorí pé kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìtàn náà. Máàkì kò lè sọ èyí tó jẹ́. Ìwòsàn méjèèjì kò sì jọra. Kí a fún un ní àyọkà Yorùbá. Bí ó bá kà á tí ó yé e, ìwé kíkà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kù tí yóò máa kó jọ. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan ní 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé àwọn ti fagi lé e. Èyíkéyìí tí ìjọba ìbáà mú, kò sí òfin tó ní kí olùkọ́ má fi èdè méjèèjì gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kà.

Mo fẹ́ tètè sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìdánwò òkèèrè, nítorí pé àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣe wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ló máa ń bi mí jù. Bí wọ́n bá kọ 5.2 fún ọmọ tó wà ní pírámárì kẹta, òbí máa ń fẹ́ kí wọ́n gbé e fò lọ sí pírámárì karùn-ún. Nọ́ńbà yẹn kò sọ pé ọmọ lè ṣe iṣẹ́ pírámárì karùn-ún, nítorí kò sí ẹni tó fún un ní iṣẹ́ náà. Ohun tí ó sọ ni pé máàkì tó gbà nínú ìdánwò pírámárì kẹta bá ohun tí wọ́n ṣírò pé ọmọ tó wà ní oṣù kejì ọdún karùn-ún yóò gbà nínú ìdánwò kan náà mu. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ni wọ́n sì fi ṣe ìṣirò náà. Láti ọdún 1981 ni ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùkọ́ ìwé kíkà, International Reading Association, ti ní kí wọ́n pa lílo rẹ̀ tì. Ìṣìnà mìíràn ni ìròyìn tó máa ń wá sórí WhatsApp pé bíi méje nínú ọmọ mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà kò lè kàwé dé ìpele kíláàsì wọn. Ìdánwò NAEP, tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe, ni wọ́n ń tọ́ka sí, níbi tí ọmọ 31 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún kẹrin ti dé ìlà Proficient ní 2024. Àwọn tó ni ìdánwò náà fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlà náà kò dúró fún ìpele kíláàsì, pé ìkápá iṣẹ́ tó le ni ó ń fi hàn. Máàkì 238 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìlà Basic tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 208. Orúkọ tí wọ́n fún ìlà kan nìkan kò tó láti fi mọ bí ó ṣe ga tó.

Ó kù díẹ̀ lórí ìkápá. Benjamin Bloom kọ ọ́ ní ọdún 1968 pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ lè mọ iṣẹ́ kan dunjú bí a bá fún wọn ní àsìkò tó tó àti ìrànlọ́wọ́ tó yẹ, pé kí a má ṣe gbé wọn kọjá iṣẹ́ kan títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ kì í sábà gba ohun tó bá kéré sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa ń fi 50 pe ọmọ ní ẹni tó yege, ibòmíràn sì ń fi 40. Lórí ìtàn ìlú tàbí ẹ̀kọ́ ìlera, ó ṣeé fara dà kí ọmọ mọ ìdajì. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Ọmọ tó mọ 13 nínú wọn ti yege ní ìdánwò wa, àmọ́ kò lè ka gbólóhùn kan parí.

Ẹ wo ọmọ méjì yìí. Olùkọ́ wọn dán wọn wò lórí ìpìlẹ̀ mẹ́rin, ó sì fi 100 wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní gba 95 nínú lẹ́tà, 80 nínú pípe ọ̀rọ̀, 60 nínú kíkà geere, 37 nínú àkàyé. Èkejì gba 70, 68, 66 àti 68. Ẹ ṣe ìròpọ̀ rẹ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́rin: 68 ni ti àwọn méjèèjì. Nínú ìwé èsì, ìbejì ni wọ́n. Nínú kíláàsì, ẹni àkọ́kọ́ kò nílò lẹ́tà mọ́ rárá. Ìtàn ló nílò, kí wọ́n máa kà á fún un, kí wọ́n máa bi í léèrè, kí ó máa sọ ọ́ padà. Ní ti ọmọ kejì, lẹ́tà kò tíì dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi òye gbé ara rẹ̀ dé ibi tí ojú rẹ̀ kò lè gbé e dé. Olùkọ́ tó ní nọ́ńbà mẹ́rin wọ̀nyẹn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tó wá fi 68 nìkan ránṣẹ́ sílé, ti da iṣẹ́ ara rẹ̀ nù.

Kí òbí má sì bínú nítorí pé 68 ti sáà tó kọjá di 65 ní sáà yìí. Kò sí ìdánwò tí kò ní àṣìṣe tirẹ̀ nínú: ibà lè ti mú ọmọ lọ́jọ́ náà, ìtàn náà lè jẹ́ lórí ohun tí kò rí rí, ó lè fi oríire mú ìdáhùn. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò tó péye máa ń ṣírò àṣìṣe yìí, wọn a sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máàkì. Bí wọ́n bá ní máàkì 4 ni, kí a ka 68 bí ẹni pé láti 64 sí 72 ni ó ṣeé ṣe kí ibi tí ọmọ wà gan-an wà. Ẹni tó gba 65 àti ẹni tó gba 68 lè dọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni àyè ipò mẹ́fà lè wà láàárín wọn lórí ìwé.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ rí olùkọ́ ọmọ yín, ẹ má béèrè ipò. Ẹ ní kí ó fi ìwé tí ọmọ lè dá kà hàn yín, àti èyí tí kò tíì lè kà. Ẹ ní kí ọmọ kà á níwájú yín. Olùkọ́ tó mọ ọmọ yóò mú ìwé méjèèjì jáde láìrojú. Bí ọmọ pírámárì kẹrin kò bá tíì lè ka ìtàn pírámárì kejì, ẹ bá olùkọ́ gbà pé kí wọ́n fi í sáàárín àwọn tó ń kọ́ ohun tí òun náà ń kọ́ fún wákàtí kan lóòjọ́, yálà wọ́n kéré sí i tàbí wọ́n dàgbà jù ú. Àjọ Pratham ní Íńdíà ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: wọ́n ń pín àwọn ọmọ sí àwọn tó wà lórí lẹ́tà, orí ọ̀rọ̀, orí ìpínrọ̀ àti orí ìtàn, wọn kì í wo kíláàsì. Mo mọ̀ pé ojú lè ti òbí. Kí ó tì í ní pírámárì kẹrin sàn ju kí ó tì í ní JSS 3 lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ kan dìde, ó ní ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì òun, báwo ni òun yóò ṣe gbọ́ ìwé kíkà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kí ó máa gbọ́ ọmọ mẹ́rin lóòjọ́, nígbà tí àwọn yòókù bá ń kọ iṣẹ́ wọn. Ìṣẹ́jú kan fún kíkà, ìṣẹ́jú méjì fún ìbéèrè, kò ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gbọ́ gbogbo wọn. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ orúkọ, déètì, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kà bó ṣe tọ́ àti ìdáhùn tó fún un sí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe sọ ọ́ gan-an. Kí ó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nígbà tí àyè ṣì wà láti ṣe nǹkan kan nípa ohun tó bá rí. Kí ó pèsè àyọkà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ìnira wọn dọ́gba, nítorí pé bí ó bá ń lo ẹyọ kan, ní ọjọ́ kẹta gbogbo kíláàsì yóò ti mọ ohun tí Àdùkẹ́ àti ìyá rẹ̀ rà lórí, kí àga ọmọ tó ń kà sì jìnnà díẹ̀ sí ti ẹni tó kàn.